Bí Ọ̀gá Pennebaker Ṣe Di Ẹlẹ́rìí Èéfín

Bí ẹ bá ti rí ọkùnrin tó ń kí ara rẹ̀ nínú dígí kó tó kí ìyàwó rẹ̀ rí, mo lè fo ìdajì ìtàn yìí fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀, mi ò ní fò ó, nítorí ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ẹlẹ́ṣọ̀ọ́ a máa dùn ún sọ.

Ní ìlú Marlow Forks, láàárín àwọn òkè Ohio, Ọ̀gá Thurlow Pennebaker ni olórí ọ́fíìsì tí àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ń lọ bá nígbà tí àìsàn ojú ogun bá yọjú sí wọn lára. Bí ológun bá wí pé iṣẹ́ ìjọba ló kó jẹjẹrẹ ran òun, ọ́fíìsì á yẹ̀ ẹ́ wò, á sì dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìjọba á tọ́jú rẹ̀ dójú ikú, á sì tọ́jú opó rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Òfin tilẹ̀ sọ pé bí ẹ̀rí ìhà méjèèjì bá dọ́gba, ẹ̀yìn ológun ni kí wọ́n gbè sí. Òfin tó dára ni. Ọ̀gá Pennebaker fi dígí bò ó, ó gbé e kọ́ sára ògiri, kò sì tún wo apá ibẹ̀ mọ́.

Ní àràárọ̀, bí mọ́tò ọ̀gá bá ti yọ, igbákejì rẹ̀, Wendell Crisp, á sáré lu agogo kékeré kan, gbogbo òṣìṣẹ́ á sì dìde dúró bí ọmọ iléèwé. Ọ̀gá á yan wọlé, àmì ẹ̀yẹ á máa mì lára kóòtù rẹ̀. Àmì náà pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn, bí ẹ bá sún mọ́ ọn dáadáa, ti ẹgbẹ́ apẹja ni.

Wendell á ké pé, "Ẹ káàárọ̀ o, Odi Agbára Àwọn Akọni!"

Ọ̀gá á fèsì pé, "Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Orílẹ̀-èdè yìí wà lọ́wọ́ mi, kò ní bọ́."

Ìyẹn tán, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ náà ni bẹ́ẹ̀ kọ́.

Lásìkò tí mò ń wí yìí, òfin tuntun tó wá gbà pé èéfín ojú ogun ń fa àìsàn kò tíì jáde, nítorí náà ohun tí irú Pennebaker bá sọ labẹ gé. Àwọn ọmọ ogun tó lọ sí aṣálẹ̀ Iraq ti ń padà wálé pẹ̀lú ikọ́, ikọ́ di jẹjẹrẹ, wọ́n sì ń sọ pé èéfín kòtò tí wọ́n ti ń sun ìdọ̀tí àgọ́ ló fà á. Ọ̀gá Pennebaker pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó dìde, ó fọwọ́ kan àyà.

"Èéfín kì í ṣe ọ̀tá wa," ló wí. "Kò wọ aṣọ ogun. Kò gbé ìbọn. A kò sì kéde ogun sí i rí nínú ìtàn orílẹ̀-èdè yìí!"

Omi bọ́ lójú Wendell. "Ọ̀gá, ẹ ṣe é, ẹ tún un sọ, kí n lè fi kọ́ àwọn ọmọ mi."

Ọ̀gá tún un sọ. Wọ́n wá pàṣẹ níbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi èéfín béèrè ẹ̀tọ́ gbọ́dọ̀ mú fọ́tò wá, tí òun àti èéfín náà jọ wà nínú rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan rí fọ́tò mú wá lóòótọ́. Wọ́n ní èéfín inú rẹ̀ kò kọjú sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Verlin Stamper fi wọlé. Mẹkáníìkì ni Verlin nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ogun, mẹkáníìkì náà ló jẹ́ nígbà tó padà délé, aláwàdà tí kì í pa ẹnu mọ́ níbi ìsìnkú pàápàá. Jẹjẹrẹ ti mú un ní ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà rẹ̀ ti sọ pé èéfín lè fà á, ohun tó kù kò ju kí ó fi hàn pé èéfín wà ní àgọ́ tó gbé. Opal ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e wá, ó ń gbé àpò oògùn rẹ̀ dání.

"Ṣé ìwọ ni Stamper?" Ọ̀gá bi í láìgbójú sókè.

"Èmi ni, Ọ̀gá. Èyí tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀ nìyí."

"O ní èéfín ṣe ọ́."

"Kòtò kan wà lẹ́yìn àgọ́ Kestrel, Ọ̀gá, ó fẹ̀ ju pápá bọ́ọ̀lù lọ. Kò sóhun tí a kì í jù síbẹ̀. Taya, bátìrì, ike, oògùn tó ti bàjẹ́, ìgbẹ́ wa náà ń bẹ níbẹ̀. A ó da epo bàálù lé e lórí, a ó ṣáná sí i. Tọ̀sán-tòru ló ń jó. Bí a bá fun imú, dúdú ló ń jáde."

Ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ súre. "Bàbá mi àgbà fi èéfín igi yan ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó lé ní àádọ́rùn-ún ọdún kó tó kú, orí àtẹ̀gùn ló sì ti já bọ́."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé bátìrì ni bàbá yín àgbà fi ń dáná ẹlẹ́dẹ̀?"

Opal ta á nípàá lábẹ́ tábìlì.

"Ìwé àkọsílẹ̀ àgọ́ náà dà?" Ọ̀gá béèrè.

"Wọ́n ti sun ún."

"Níbo?"

"Inú kòtò yẹn náà ni, Ọ̀gá."

Wendell rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Ọ̀gá, ẹ rí i bí wọ́n ṣe ń múra irọ́ sílẹ̀!"

"Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó lè jẹ́rìí," Verlin sọ. "Àwọn yòókù ti kú."

"Ọ̀rẹ́ kọ́ ni mo fẹ́," ni Ọ̀gá wí, ó sì dìde dúró, torí kì í lè sọ ohun tó bá dùn mọ́ ọn nínú níjòókòó. "Ẹlẹ́rìí tí mo lè gbà ni ẹni tó wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ, tí kò sì ní jẹ èrè kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Lọ wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá!"

Ó lu òǹtẹ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́. Verlin kọ̀wé pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kí ó tó kúrò níbẹ̀, Opal ló sì bá a kọ ọ́.

Inú mọ́tò ni wọ́n ti wá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. "Kì í ṣe ikú ló ń bà mí lẹ́rù," Verlin wí. "Èmi àti ikú ti mọ ara wa tipẹ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé tí mo bá lọ tán, ìwọ lo máa wá dúró níwájú ọkùnrin yẹn, tó máa máa bi ọ́ pé kí ló pa ọkọ ẹ."

"Á bi mí?" ni Opal dáhùn. "Á mọ̀ pé ó bi mí. Ojú ẹ̀ á rí nǹkan." Ṣùgbọ́n ó yíjú sí fèrèsé, kò sì yí i padà títí wọ́n fi délé.

Oṣù kọkànlá wá wọlé, ọjọ́ ìrántí àwọn ológun sì pé. Ní Marlow Forks, gbọ̀ngàn àwọn ológun àná ni gbogbo ìlú ń jọ jẹun lọ́jọ́ náà: adìyẹ àti núdù tí wọ́n bù sórí ọ̀dùnkún gígún, ẹ̀wà, búrẹ́dì àgbàdo. Bí wọ́n bá jẹun tán, àṣà kan wà tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Ológun kan á dìde, á pe orúkọ ibi tó ti jagun. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé ibẹ̀ rí gbọ́dọ̀ dìde, ì báà jẹ́ ọ̀pá ló fi ń rìn, kó dáhùn pé, "Mo wà níbẹ̀!" Wọ́n á bọ ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá pe ibi tí kò dé rí, olè ni lójú wọn. Olè ẹṣin sàn jù ú, nítorí ẹni tó jí ẹṣin lè dá a padà.

Lọ́dún yẹn, obìnrin ńlá kan wá láti Washington. Àhesọ ti ń lọ nígboro pé òun ló fẹ́ yan ọ̀gá ọ́fíìsì tí wọn yóò gbé ga lọ sí olú-ìlú. Ọ̀gá Pennebaker ti rán kóòtù tuntun. Ó ti gbé gbogbo àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ wọ̀, ti apẹja náà wà láàárín.

Àfi bí bàbá arúgbó kan, Enoch Dillard, ṣe dìde tó pe orúkọ òkè kan ní Korea. Kò sí ẹni tó dáhùn. Gbogbo àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ ti kú. Gbogbo gbọ̀ngàn wá dìde fún un, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọn ò sì fẹ́ dáwọ́ dúró. Obìnrin Washington fi áńkáṣífù nu ojú.

Ọ̀gá Pennebaker wò ó. Àtẹ́wọ́ tó tó báyìí, kó jẹ́ ti arúgbó tó ń da ẹ̀wà sórí ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀? Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, àwọn àgbà kò parọ́. Ó já ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbà.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi!" ló ké. "Òkè wo ni ẹ ń pè ní òkè? Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti dúró níbi tí ọ̀sán gangan ti di òru! Àgọ́ Kestrel ni mò ń wí! Èéfín dúdú kìjikìji bo ojú ọ̀run, mi ò rí ọwọ́ ara mi! Mo húkọ́, ohun tó jáde dúdú bí ọ̀dà! Àwọn mìíràn ìbá sá. Ṣé mo sá? Mo ya àyà mi sílẹ̀, mo mu èéfín yẹn yó, nítorí tiyín!"

Wendell ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ó pa á bíi ìgbà mélòó kan, ó wá rántí ohun tí ọ́fíìsì wọn ń sọ nípa èéfín, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì dúró lójú afẹ́fẹ́, wọn ò pàdé mọ́.

Ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, Verlin Stamper di etí tábìlì mú. Opal ní kó jókòó. Kò jókòó. Àṣà ni àṣà.

"Mo wà níbẹ̀!" ló wí.

Ó rìn díẹ̀díẹ̀ lọ síwájú, ó na ọwọ́, Ọ̀gá Pennebaker kò sì rí ọ̀nà tí yóò fi kọ̀ ọ́ bọ̀ lójú obìnrin Washington.

"Ọ̀gá mi," ni Verlin wí, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì gbé e dé ilé ìdáná, "ẹ̀yin ni mo ti ń wá kiri. Ẹ wà níbẹ̀ fúnra yín. Ẹ ò jèrè kankan. Ọlọ́run náà mọ̀ pé ẹ kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi."

Ẹ̀rín tó bú, àwo mì lórí tábìlì.

Láti ọjọ́ kejì ni Ọ̀gá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí yóò ṣe gbé ọ̀rọ̀ tó ti jábọ́ padà sẹ́nu. Ẹyin ni ohùn, ẹ̀yin náà mọ̀. Ó kọ́kọ́ kéde pé èéfín tẹ̀mí lòun ń sọ. Nígbà tí ìyẹn kò tà, Wendell ní kí àwọn pè é ní kùrukùru. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní ẹni tó ń se oúnjẹ àgọ́ ló jẹ́ kí ẹran jóná. Àwọn ológun àná ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ àlàyé. Ọ̀rọ̀ tiwọn kò gùn: bí èéfín bá wà, Pennebaker mọ̀ ọ́n, ó sì fi í du àwọn aláìsàn. Bí èéfín kò bá sí, a jẹ́ pé kò dé Kestrel rí, olè sì ni.

Ó lọ sí ilé oúnjẹ Lurleen láàárọ̀. Lurleen bu kọfí fún gbogbo tábìlì, ó fo tirẹ̀.

"Kọfí tèmi ńkọ́?"

"Ẹ mú fọ́tò ẹ̀yin àti kọfí wá," ni Lurleen wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wá kàn. Adájọ́ Quintero, obìnrin kúkúrú tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ló wá láti gbọ́ ọ. Marva Tolliver, tó ń bá àwọn ológun rojọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ló dúró fún Verlin. Verlin ti rù, igi ló fi ń rìn. Àwọn àgbàlagbà ìlú kún ìjókòó ẹ̀yìn pẹ̀lú fìlà ogun wọn. Marva pe ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo, Thurlow Pennebaker. Ó wọlé pẹ̀lú kóòtù tí kò ní nǹkan kan lára, àfi àwọn ihò abẹ́rẹ́ àmì ẹ̀yẹ nìkan.

"Ọ̀gá Pennebaker," ni Marva bi í, "ṣé ẹ wà ní àgọ́ Kestrel?"

"Olúwa mi adájọ́," ló bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sókè, "wíwà jẹ́ ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀. Ènìyàn lè wà níbì kan nínú ọkàn, kí ó wà níbòmíràn nínú—"

"Ẹ wà níbẹ̀, àbí ẹ ò sí níbẹ̀?" ni adájọ́ wí.

Ó wo ẹ̀yìn. Àwọn arúgbó náà ń wò ó. Enoch Dillard ti ká ọwọ́ pọ̀. Láti kékeré ni ọkùnrin yìí ti fẹ́ kí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ka òun kún. Ohun tó ń wá kiri nìyẹn nídìí gbogbo agogo àti oríkì. Mo ti fi í ṣẹ̀sín tó báyìí, ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀ níbẹ̀.

"Mo wà níbẹ̀," ló wí.

"Fún ìgbà tó tó ìgbà wo?"

"Òru kan." Ohùn rẹ̀ ti dín. "Wọ́n rán mi lọ wo oúnjẹ agolo tó wà ní àwọn àgọ́. Bàálù wa bàjẹ́. Wọ́n fi mí sínú yàrá kan, èéfín gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Mo rò pé ikú ti dé. Mo sunkún. Mo... mo pe ìyá mi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ ogun kan wọlé. Aṣọ rẹ̀ ń rùn fún ọ́ìlì mọ́tò. Ó fi aṣọ ìnura tútù bò mí nímú, ó ní, 'Ẹ rọra máa mí, ọ̀gá. Tí afẹ́fẹ́ bá yí, ó máa ń dín kù.' Mi ò rí ojú ẹ̀."

Igi tí Verlin fi ń rìn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Háà! Ẹ̀yin ni? Ẹ̀yin lẹ gbé aṣọ ìnura mi lọ?"

"Ọ̀gbẹ́ni Stamper," ni adájọ́ wí.

"Màdáámù, ẹ má bínú, èyí kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn! Ìyá mi ló fi ránṣẹ́ sí mi! Odidi oṣù ni mo fi ń fi síńgílẹ́ẹ̀tì nu ara!"

Pennebaker yíjú sí i. "Ó wà nílé," ló wí. "Mo fi í pamọ́. Ìyàwó mi ti fọ̀ ọ́, ó ti sè é, dúdú ara ẹ̀ ò lọ."

"Dúdú kí ni?" ni adájọ́ béèrè.

Wendell Crisp, tó wà nítòsí ilẹ̀kùn, ń mi orí fún ọ̀gá rẹ̀ pé kó má sọ ọ́, kó má sọ ọ́.

"Dúdú èéfín, màdáámù."

Kò pẹ́ tí Washington fi kó gbogbo ẹjọ́ èéfín tí Marlow Forks ti kọ̀ padà láti tún wọn wò. Obìnrin ńlá náà bi Pennebaker ní ìbéèrè kan péré, pé bí òun tó sùn níbẹ̀ kò bá mọ̀ nípa èéfín, ta ló wá mọ̀. Wọ́n ní kó lọ sinmi nílé, wọ́n sì fi obìnrin kan rọ́pò rẹ̀. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá tuntun yìí dé, Wendell lu agogo, ó pè é ní Òòrùn Òwúrọ̀ Wa. Obìnrin náà gba agogo lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú sínú àpótí ìdọ̀tí.

Ní ti àwọn ológun àná, wọ́n jókòó lórí ọ̀rọ̀ Pennebaker, wọ́n sì gbà pé kì í ṣe olè. Ó dé ibẹ̀. Wọ́n fún un ní àga kan nínú gbọ̀ngàn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn ilé ìdáná, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Lurleen náà ń bu kọfí fún un báyìí. Ìdajì ife ni, ó ní ìyẹn tó fún òru kan.

Verlin ti wà lórí ibùsùn ọsibítù nígbà tí ìdájọ́ jáde. Marva pe Opal lórí fóònù, Opal tẹ̀ ẹ́ kó máa dún sókè kí ọkọ rẹ̀ lè gbọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni ni wọ́n sọ," ni Marva wí. "Iṣẹ́ ìjọba ló fa àìsàn náà. Wọ́n gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

Opal jókòó sí etí ibùsùn.

"Adájọ́ sọ ìdí tó fi gba ẹlẹ́rìí wa gbọ́," ni Marva ń bá a lọ. "Ẹ jẹ́ kí n kà á. Ó ní, 'Ẹni tó fẹ́ràn ara rẹ̀ tó báyìí kò lè pa irọ́ tí yóò sọ òun fúnra rẹ̀ di kékeré.'"

Verlin bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, nọ́ọ̀sì sáré wọlé, Verlin sì fọwọ́ sọ fún un pé kò séwu. Nígbà tí èémí rẹ̀ balẹ̀, ó wá ọwọ́ Opal lórí aṣọ ìbora títí ó fi rí i.

"O gbọ́?" ló wí. "Wọn ò ní bi ọ́ mọ́."

"Mo gbọ́," ni Opal dáhùn.

"Ẹnikẹ́ni ò ní bi ọ́ pé kí ló pa mí."